Igbá Ọ̀nà àti Igbá Ilé

Igbá méjì ni ẹgbẹ́ wa fi ń mọ ara rẹ̀. Kálukú ní àmì kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ẹni tí kò bá tíì dé ìpàdé, inú igbá ọ̀nà ni àmì rẹ̀ wà. Bó bá dé, á mú un níbẹ̀, á sọ ọ́ sínú igbá ilé. Nígbà tí a bá fẹ́ túká, a ó wo igbá ọ̀nà. Bí àmì ẹnì kan bá ṣẹ́kù síbẹ̀, ènìyàn méjì gbọ́dọ̀ mú un lọ bá a kí oòrùn tó wọ̀, ìbáà ṣe nílé, ìbáà ṣe lóko. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Ọmọdé lè ṣe é. Síbẹ̀, ohun kékeré yìí la gbé ẹ̀mí ara wa lé lọ́wọ́, ẹ̀mí ẹnì kan sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èmi ni mo ń tọ́jú igbá náà nígbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ bó ṣe rí.

Ìlú wa kò tóbi. Ẹni tó bá ń ti Ṣakí lọ sí Ogbooro lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọ̀. Ayé owó epo la wà nígbà náà, àwọn ọkùnrin ń bá mọ́tò lọ sí Ìbàdàn àti Èkó lọ wá iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì, àwọn obìnrin ló kù sóko. Ẹlòmíràn á wà lóko láti ọjà dé ọjà, kò ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀ àfi adìyẹ. Nítorí ẹ̀ ni a ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí a máa rí ara wa, kí a jẹun pọ̀, kí a jó, kí ẹni tó bímọ rí ẹni pọnmi fún un. Mùsùlùmí wà nínú wa, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wà. Kò sí ẹni tí à ń sanwó iṣẹ́ fún. Ẹni tó bá lè ṣe nǹkan, á ṣe é.

Níbẹ̀rẹ̀, ìyàwó tíṣà kan ló ń kọ orúkọ ẹni tó bá wá. Nígbà tí ìjọba gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí Kìṣí, òun náà di ẹrù, ó lọ. Ìwé kù sọ́wọ́ àwa tí kò lè kà á. Èmi kàwé dé kíláàsì kejì kí bàbá mi tó ní oko ń pè mí. Mo lè kọ orúkọ ara mi, bí kò bá sí ẹni tó ń kán mi lójú.

Ìyá ìyá mi ni mo rántí. Ewúrẹ́ ni obìnrin yẹn sìn títí ó fi kú. Kì í ka ewúrẹ́ rẹ̀. Ó ní bí a kì í tií ka ọmọ fún ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í ka ohun ọ̀sìn. Ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́, ọ̀kan fún ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti ń wọlé nírọ̀lẹ́, á máa gbé òkúta wọn láti inú ìkòkò kan sí èkejì. Òkúta tó bá ṣẹ́kù ni yóò sọ ewúrẹ́ tí kò wálé. Á mú ọ̀pá, á wá a lọ. Mo sọ èyí fún ẹgbẹ́.

"Àṣé ewúrẹ́ ni wá?" ni ìyá ẹgbẹ́ wa wí. Òun ló dàgbà jù láàárín wa.

"Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, Ìyá," ni aránṣọ wa dá a lóhùn. "Ẹ̀yin lẹ ó jẹ́ òbúkọ."

A rẹ́rìn-ín títí. Aránṣọ yìí, ẹlẹ́nu dídùn ni. Ó ní máṣíìnì aláfọwọ́yí kan, iwájú ilé rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìlú máa ń gbà kọjá. Ọjọ́ náà gan-an la wá igbá méjì. Kálukú lọ wá àmì tí ẹlòmíràn kò ní. Tèmi jẹ́ èérún ọlọ. Ti ìyá ẹgbẹ́ jẹ́ ìkarahun ìgbín. Ọ̀rẹ́ aránṣọ kan, tí a ń pè ní elélùbọ́ nítorí iṣẹ́ rẹ̀, mú àpáàdì àwo tánganran kan wá, òdòdó pupa kan ṣì wà lára rẹ̀.

"Àwo ìgbéyàwó mi ni," ó ní. "Ọmọ mi ló fọ́ ọ. Ó kúkú yẹ kó wúlò fún nǹkan."

Ó wúlò, ká má purọ́. Nígbà òjò ọdún kìn-ín-ní, àmì opó kan ṣẹ́kù, àwọn méjì gbé e lọ, wọ́n bá a lábẹ́ ògiri tó wó lù ú, wọ́n sì yọ ọ́ láàyè. Láti ọjọ́ náà ni a ti gba igbá gbọ́. Àwọn obìnrin Ogbooro gbọ́, wọ́n wá wò ó, wọ́n béèrè ohun tí àwọn yóò san. A ní kí wọ́n lọ wá igbá tiwọn. Kí la fẹ́ gbà? Ìyá ìyá mi kò gbowó lọ́wọ́ wa.

Kí ìpàdé tó tú, èmi ni màá gbé igbá ọ̀nà sókè, màá fi inú rẹ̀ hàn wọ́n, màá ké pé, "Ọ̀nà ṣófo!" Wọn á dáhùn pé, "Ilé kún!" A óò wá palẹ̀ mọ́.

Eré kan tún wà. Ẹni tí kò bá wá tí kò sì ránṣẹ́, nígbà tó bá tún yọjú, gbogbo wa á ké mẹ̀ẹ́ sí i bí ewúrẹ́. Eré ni. Àmọ́ elélùbọ́ kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sí Èkó, ó pẹ́ tí a ti gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà nílùú lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ nítorí ilé ìwé, òun nìkan ló wà lóko, tó ń bó iṣu, tó ń bọ̀ ọ́, tó ń sá a sórí àpáta. Ó pa ìpàdé jẹ lẹ́ẹ̀kan, a ké mẹ̀ẹ́. Ó tún pa á jẹ, a tún ké. Lọ́jọ́ náà kò bá wa rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin tí ẹ lọ́kọ nílé," ó ní, "ẹ ráyè ké bí ewúrẹ́."

Ó dun aránṣọ ju gbogbo wa lọ. Mo rí i tó ń fi ọwọ́ nu ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀lé e le. Ètè ń là, wọ́n ti sun igbó, ilẹ̀ dúdú títí dé ẹsẹ̀ àpáta, kùkùté koríko yọ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Ìgbà tí èlùbọ́ máa ń gbẹ dáadáa nìyẹn. A ṣe ìpàdé lábẹ́ igi máńgòrò. A jó, eruku gba gbogbo ibẹ̀, a kò fi bẹ́ẹ̀ rí ojú ara wa. Nígbà tó yá, mo gbé igbá ọ̀nà. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Ọ̀nà ṣófo!"

"Ilé kún!"

Èmi àti aránṣọ la jọ ń lọ sílé. Ìyá ọkọ elélùbọ́ jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń ṣẹ́ àgbàdo. Ó pè wá.

"Aránṣọ, ṣé ìyàwó mi wá sípàdé lónìí?"

"Ó wá, Ìyá."

"Kò yà wo àwọn ọmọ?"

"Iṣu rẹ̀ wà lórí àpáta ni. Ó sáré padà."

"Ó dára. Ọkàn mi kò balẹ̀ láti àná. Mo ti ní kí n rán ọmọ lọ wò ó láàárọ̀ ọ̀la. Ó ti tán nìyẹn."

Mo dúró tì wọ́n. Òótọ́ ni pé n kò rí elélùbọ́ lójú, ṣùgbọ́n igbá ọ̀nà wà lórí mi, ó sì ṣófo. N kò tún rò ó wò lẹ́ẹ̀mejì. A kí ìyá pé ó dàbọ̀, a lọ.

Ọjọ́ ọjà ni obìnrin Fúlàní kan tó máa ń kiri wàrà wá bá mi nísọ̀. Kò sọ igbá wàrà rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ẹgbẹ́ onígbá yẹn?"

"Àwa ni. Kí ló dé?"

"Ẹni yín kan wà lóko, lẹ́bàá àpáta ńlá. Ẹnu rẹ̀ ò ṣí mọ́. Ara rẹ̀ le bí igi."

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, elélùbọ́ wá sípàdé ìjẹta. Ó wò mí.

"Kò lọ ibì kankan. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé yín. Kùkùté ti gún un lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà wú, ọrùn ń dùn ún. Mo ní kí n wá pe èèyàn fún un. Ó ní kí n má yọnu. Ó ní, 'Àmì mi wà nínú igbá ọ̀nà. Wọ́n ti ń bọ̀.' Mo bu wàrà sílẹ̀ fún un, mo bá tèmi lọ. Àṣé ẹ ò wá."

Ìsọ̀ tí aránṣọ ń lò lọ́jọ́ ọjà kò jìnnà sí tèmi. Ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dìde, aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó ṣáájú wa lọ́nà oko.

A bá a lórí ẹní. Ó ṣí ilẹ̀kùn ahéré sílẹ̀ gbayawu, ó kọjú sí ọ̀nà. Lórí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ife omi méjì kalẹ̀, ó fi ọmọrí bò wọ́n kí eruku má baà wọ inú wọn. Ènìyàn méjì ló máa ń gbé àmì lọ. Ó mọ̀. Omi náà ti fà, ó ti lọ sílẹ̀ nínú ife. Eyín rẹ̀ pa pọ̀ pinpin, ojú rẹ̀ sì là. Bí a bá fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun. Aránṣọ ń pè é, ó ń pè é. Ojú nìkan ló fi ń dá a lóhùn. N kò mọ ohun tí ojú náà ń wí, n kì í sì í wá ìtumọ̀ rẹ̀.

Mọ́tò oníṣu kan ló gbé wa dé ọsíbítù ní Ṣakí. Nọ́ọ̀sì tó gbà á lọ́wọ́ wa wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀.

"Ẹ pẹ́," ó ní. "Ká ní ìgbà tí ọrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ún lẹ gbé e wá ni, à bá gbìyànjú."

Kò bú wa. Ó fún un ní abẹ́rẹ́, ó fi aṣọ dí fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀ ń mú un gbọ̀n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó kú. A gbé e padà wálé nínú mọ́tò, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, aránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kùkùté gún ni ó dì mú jákèjádò ọ̀nà.

Ìpàdé tó tẹ̀lé e, kò sẹ́ni tó jó. Mo gbé igbá méjèèjì kalẹ̀. Àpáàdì olódòdó wà nínú igbá ilé, níbi tó ti wà látọjọ́ náà.

"Òkú kọ́ ló gbé e síbẹ̀," ni mo wí. "Ta ni?"

"Èmi ni," ni aránṣọ wí. Ó dìde dúró. "Mo ní kí ẹ má baà ké mẹ̀ẹ́ sí i mọ́. Mo ní òun náà á yọjú lọ́jọ́ ọjà, màá sọ fún un, a ó jọ rẹ́rìn-ín."

Mo rò pé wọn yóò dojú ọ̀rọ̀ kọ ọ́. Ọ̀kan lára wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní òun náà ti bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun gbé tirẹ̀ rí. Òmíràn ní òun ti bá ọ̀rẹ́ òun gbé e lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dìde. Ó ti pẹ́ tí igbá ti ń purọ́ fún wa, ìfẹ́ ló ń mú un purọ́.

Ìyá ẹgbẹ́ mi orí. "Ewúrẹ́ ìyá àgbà rẹ sàn jù wá lọ," ó sọ fún mi. "Kò sí èyí tó gbé òkúta èkejì rẹ̀ nínú wọn."

Aránṣọ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun lọ sọ ọ́ fún ìyá ọkọ elélùbọ́. Òun ló ní kí n kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà gbọ́ ọ títí dé òpin.

"O ní ó wá," ó ní.

"Mo wí bẹ́ẹ̀, Ìyá."

"Mo fẹ́ rán ọmọ lọ wò ó."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyá náà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. A dúró síbẹ̀ títí àwọn adìyẹ fi wọlé sùn.

Àwọn kan ní kí a fọ́ igbá. Ó fẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ló bi wá pé, "Àwọn ará Ogbooro ńkọ́? Ohun tí a fún wọn nìyí. Ta ni yóò sọ fún wọn?" Kò sẹ́ni tó rò ó débẹ̀. Èmi àti òun la wọ mọ́tò lọ, a jókòó sórí àpò àgbàdo.

Inú àwọn obìnrin Ogbooro dùn láti rí wa. Wọ́n gbé igbá tiwọn jáde, wọ́n ti fi osùn kùn ún, ó rẹwà ju tiwa lọ. Mo bi wọ́n bóyá ẹnì kan máa ń bá ẹnì kejì gbé àmì.

"Báwo la ò ṣe ní máa bá ara wa gbé e?" ni ọ̀kan wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. "Ẹgbẹ́ kọ́ ni? Tèmi yìí, oṣù tó kọjá, mi ò tilẹ̀ sí nílé!"

Aránṣọ wá sọ tirẹ̀ fún wọn. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó sọ ti ife omi méjì náà. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín fọwọ́ bo ẹnu. Amọ̀kòkò kan wà láàárín wọn, ó mú àpáàdì ìkòkò kan nílẹ̀, ó fi òkúta lù ú, ó là sí méjì.

"Kò sí ìkòkò méjì tó fọ́ bákan náà," ó ní. "Ẹ fi ìlàjì sínú igbá ọ̀nà. Kí ẹni tó ni ín so ìlàjì tó kù mọ́ etí aṣọ rẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ ò bá dé, ta ni yóò bá a pa á pọ̀?"

Ó fi àpáàdì méjèèjì kan ara wọn, wọ́n sì wọ ara wọn ṣinṣin. Aránṣọ gbà á, ó wò ó títí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ohun tí a fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n tún ṣe, tí wọ́n sì dá padà fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ká ní ìgbà òjò, kí elélùbọ́ tó kú, ni a ti lọ kí wọn ni. Àmọ́ kò sóhun tó gbé wa lọ nígbà òjò.

Nígbà tí a délé, kálukú wá àpáàdì, a là wọ́n sí méjì. Ó ku ti elélùbọ́. Ìyá ẹgbẹ́ ní kí n yọ ọ́ kúrò nínú igbá ilé, kí n lọ sin ín.

"Ó dára kí ẹ yọ ọ́ nínú igbá ilé," ni aránṣọ wí, "kò débẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà ló wà, Ìyá. Ẹ fi í sí ọ̀nà."

Òun fúnra rẹ̀ ló là á. Ó là gba àárín òdòdó náà kọjá. Ó fi ìlàjì sínú igbá ọ̀nà, ó mú ìlàjì kejì lọ fún ìyá ọkọ. Obìnrin àgbà náà kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi orí júwe ihò kan lára ògiri, aránṣọ fi í síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, n kò tún ké "Ọ̀nà ṣófo" mọ́. Kì í ṣófo. Nígbà tí ìpàdé bá parí, ìlàjì òdòdó kan á wà ní ìsàlẹ̀ igbá, òfin ẹgbẹ́ sì ni pé ènìyàn méjì gbọ́dọ̀ gbé e lọ kí oòrùn tó wọ̀. Aránṣọ ni ọ̀kan nígbà gbogbo. Ẹni tó bá ráyè ni èkejì, èmi ló sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ilé ìyá ọkọ elélùbọ́ la ń gbé e lọ. Níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣílẹ̀kùn. A ó pọn omi sínú ìkòkò rẹ̀, a ó fọ aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ, a ó lọ. Nígbà tó yá, ó ń ṣílẹ̀kùn. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á sì bi aránṣọ ní ìbéèrè kan náà, ohùn kan náà, "Ṣé ìyàwó mi wá sípàdé lónìí?"

"Kò wá, Ìyá."

Á kúrò lẹ́nu ọ̀nà, àwa náà á wọlé ṣe iṣẹ́ wa. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi jẹ ẹ́ níyà ni. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi aránṣọ lọ́jọ́ kan bóyá kí n máa dá lọ. Ó ní, "Tí n kò bá lọ, ta ni yóò dá a lóhùn?"

Ọmọbìnrin elélùbọ́ dàgbà, ó tó ẹni tó ń bá wa ṣẹgbẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó ti yọ ìlàjì inú ihò ògiri, ó dì í mọ́wọ́, ó fẹ́ pa á pọ̀ mọ́ èyí tó wà nínú igbá. Aránṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ti ìyá rẹ nìyẹn, ọmọ mi. Dá a padà síbi tó wà. Lọ wá tìrẹ."

Ìgbẹ̀yìn ayé ìyá ọkọ náà, ojú rẹ̀ ti fọ́, nǹkan sì ti dàrú mọ́ ọn lọ́kàn. Irun aránṣọ ti funfun. A lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, a bá a lórí àga níwájú ilé, ó ń fi ọwọ́ wá àgbàdo tí kò sí nínú àtẹ. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ wa.

"Aránṣọ, ṣé ìyàwó mi wá sípàdé lónìí?"

"Kò wá, Ìyá."

Lọ́jọ́ náà kò dìde kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọkàn mi kò balẹ̀," ó ní. "Màá rán ọmọ lọ wò ó láàárọ̀."

Aránṣọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó gba àtẹ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ rán an, Ìyá," ó ní. "Ẹ rán an."